Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì ló wà lọ́pọlọ bọ̀dá mi tó ń gba kímò. Ṣé ká gbà kí wọ́n fa omi ẹ̀yìn wọn?

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, kò sì jẹ́ kí n sùn.

Bọ̀dá mi tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní lymphoma, irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Kókó ọrùn ló kọ́kọ́ yọ lára wọn lọ́dún tó kọjá, kò dùn wọ́n, gbogbo wa sì rò pé á lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti ń gba kímò nílé ìwòsàn ńlá kan níbí n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní R-CHOP, kókó náà sì ti ń yọ́. Inú wa ti ń dùn. Àfi bí orí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí tó ń gbọ́ ti Panadol. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó ń le sí i, ó ti ń lọ sí oṣù kan báyìí. Àárọ̀ ló máa ń burú jù, wọ́n á sì bì. A tọ́jú ibà, a tọ́jú taifọ́ọ̀dù, kò lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń rí ọmọ wọn bí ẹni méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, orúkọ ìyá wa tó ti kú ni wọ́n fi pe ìyàwó wọn.

A ya àwòrán orí níbì kan níta. Ẹni tó fún wa lésì, lórí ìdúró ló ti sọ ọ́: "Jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ nìyẹn, ẹ máa gbé wọn lọ sílé." Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti ń sọ̀rọ̀ àtigbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà tó ń fún wọn ní kímò ní kò tíì dá òun lójú o, pé ó lè jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Cryptococcus, àfi tí àwọn bá fa omi ẹ̀yìn wọn kí àwọn tó lè mọ̀. Ó tún ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HIV. Ìyàwó wọn ti gbaná jẹ lórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, báwo ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń dé ọpọlọ? Ṣé kì í ṣe òun ló ń fa làpálàpá ni? Ṣé omi ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ fà yìí ò ní pa wọ́n báyìí? Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ká má gbà. Ọ̀la ni wọ́n ní ká wá buwọ́ lùwé.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Èmi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọ alájọgbé wa kan, wọ́n fa omi ẹ̀yìn ẹ̀, ọjọ́ kejì ló kú. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ̀mí èèyàn wà. Tí wọ́n bá fa omi yẹn tán, kí ló kù? Ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Màmá Lábù

Àbíkẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Fara balẹ̀ ka èyí, kó o sì kà á sétí ẹ̀gbọ́n yín àgbà.

Lábù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Omi ẹ̀yìn tí gbogbo yín ń bẹ̀rù yìí, ọwọ́ mi ló ń bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀: ẹ má ṣe gbé ọkùnrin yẹn lọ sílé láìwo omi náà.

Àwòrán orí kì í dárúkọ àrùn. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ tó tàn dé ọpọlọ, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ọpọlọ, kókó tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fà, gbogbo wọn lè jọra wọn lójú fíìmù débi pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ gan-an á ṣiyèméjì. Lymphoma lè dé ọpọlọ lóòótọ́, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kókó ọrùn rẹ̀ ń yọ́, tí orí rẹ̀ wá ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń bì láàárọ̀, tó ń rí ẹnì kan bíi méjì, èmi ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílé lórí ìdúró. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ní oògùn.

Kì í ṣe èyí tó ń fa làpálàpá. Ẹbí wọn pọ̀ rẹpẹtẹ: èyí tó ń mú búrẹ́dì bu wà níbẹ̀, ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì yẹn náà wà níbẹ̀. Inú ilẹ̀ ni Cryptococcus ń gbé, àti inú igi tó ti ń jẹrà, àti inú ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ti gbẹ. Ará Amẹ́ríkà kan, Chester Emmons, ló fi ti ẹyẹlé hàn ní 1955. Eruku rẹ̀ là ń fà símú. Èmi pẹ̀lú rẹ, a ti fà á símú láìmọye ìgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa sì ti kápá rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé a mọ̀. Ti bọ̀dá rẹ yàtọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara yẹn gan-an ni jẹjẹrẹ rẹ̀ mú. Kímò tún wá lu àwọn tó kù bolẹ̀. Lẹ́tà P tó gbẹ̀yìn R-CHOP yẹn, prednisolone ni, sìtẹ́rọ́ọ̀dù. Ó ń pa lymphoma dáadáa, ṣùgbọ́n ó tún ń de àwọn ẹ̀ṣọ́ ara yẹn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni fọ́ńgọ́ọ̀sì á rọ́nà jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró, á bá ẹ̀jẹ̀ gòkè.

Ní ti ìyàwó rẹ̀, kó fọkàn balẹ̀. Kí ayé tó mọ HIV rárá ni àrùn yìí ti ń mú àwọn tó ní lymphoma. Àmọ́ lónìí, ní ilẹ̀ Áfíríkà, HIV ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù, HIV sì lè fa lymphoma fúnra rẹ̀. Dókítà tí kò bá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò fi ẹ̀sùn ìṣekúṣe kan ẹnikẹ́ni.

Omi ẹ̀yìn wá kù. Okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn kò gùn délẹ̀; lára àgbàlagbà, òkè ìbàdí ló ti ń parí. Ìsàlẹ̀ ibi tó parí sí ni wọ́n ń gún, láàárín eegun kẹta sí ìkarùn-ún ti ìbàdí, níbi tí kò ti sí nǹkan mìíràn ju omi àti àwọn fọ́nrán iṣan tó léfòó nínú rẹ̀ lọ. Àpapọ̀ omi tó wà nínú orí àti ẹ̀yìn èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà tó nǹkan bí 150 mílílítà. Èyí tí ara ń ṣe lójúmọ́ kan tó ìdajì lítà. Tí wọ́n bá fa 20 mílílítà, láàárín bíi wákàtí kan ara ti dá a padà. Ta ló wá ní wọ́n máa fà á tán?

Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa nínú ìgò kékeré, ó lè mọ́ gaara. Ìyẹn ló ń tan àwọn ọmọ tuntun inú lábù jẹ, wọ́n á ní omi yìí mọ́, kò sí nǹkan níbẹ̀. Lára ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ti rẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì lè kúnnú omi náà kó má sì rú rárá. A ó fi ẹ̀rọ yí i kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè silẹ̀, a ó kán ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì, a ó kán tàdáwà dúdú tàwọn ayàwòrán sí i, a ó fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Tó o bá fojú sí máíkírósíkóòpù, gbogbo ẹ̀ á dúdú, àfi àwọn nǹkan róbótó tí òrùka mímọ́ yí ká. Aṣọ tí Cryptococcus wọ̀ ni òrùka yẹn, tàdáwà ò lè wọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn wàá bá èyí tó ń bímọ, kékeré tó lẹ̀ mọ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi kì í kọ "a rí i" títí mo fi máa bá irú ẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì funfun náà máa ń fara wé e, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Àyẹ̀wò tuntun kan tún wà, CrAg lorúkọ rẹ̀, pálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lèsì rẹ̀ ń jáde, ó sì ṣeé fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Tí wọ́n bá ní kò sí, ní kí wọ́n bi ẹ̀ka tó ń tọ́jú HIV, ọ̀dọ̀ wọn ló máa ń wà.

Ohun méjì ni kó o bi dókítà kó o tó buwọ́ lùwé: ṣé òun fúnra rẹ̀ ti wo fíìmù orí yẹn, kì í ṣe bébà èsì nìkan? Tí kókó inú orí bá tóbi tó sì ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gígún ẹ̀yìn léwu. Àti pé mélòó ni platelet rẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Kímò máa ń fà á wálẹ̀, tó bá sì lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ẹ̀yìn. Tí méjèèjì bá dára, buwọ́ lù ú.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, mo gbọ́ ọ o. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ yẹn tí wọ́n fa omi ẹ̀yìn ẹ̀ tó kú lọ́jọ́ kejì, kí ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn? Àrùn ti wọ ọpọlọ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Wọ́n á ti dé kẹ́míìsì, wọ́n á ti dé orí òkè, abẹ́rẹ́ ló wá kẹ́yìn, òun ni wọ́n sì ń di ẹ̀bi rù.

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Màmá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní ṣe irú ẹ̀ lásán. Mo ti kà á fún ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní "ó dáa, kí wọ́n fà á."

Àmọ́ ẹ ti là mí lójú sí nǹkan kan. Bọ̀dá mi ń sin ẹyẹlé lẹ́yìnkùlé! Àwọn fúnra wọn ló ń gbá ìgbẹ́ wọn. Nígbà tí ara wọn yá díẹ̀ láàárín kímò, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n gbá gbogbo ẹ̀, eruku sọ lálá. Ṣé ká pa àwọn ẹyẹ yẹn ni? Wọ́n sì ti ya abọ́ àti ife bọ̀dá mi sọ́tọ̀ nílé, ṣé ó ń ràn ni?

Màmá Lábù

Kì í ràn láti ara èèyàn séèyàn. Kí wọ́n dá abọ́ rẹ̀ padà lónìí yìí.

Ẹyẹlé bá onílé jẹ, ó bá onílé mu, kò sì bẹ onílé pé kó gbá ìgbẹ́ òun ní gbígbẹ. Ẹ má pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti fà á símú, ilẹ̀ Ìbàdàn tóbi. Ṣùgbọ́n kó má dé ìdí ilé wọn mọ́. Kí ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ le máa gbá a, kó bo imú, kó sì wọ́n omi sí i dáadáa kó tó fọwọ́ kan ìgbálẹ̀.

Dèjì Nọ́ọ̀sì, Leeds

Màmá, mo kí yín o, ẹ ti sọ ọ́ délé. Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí à ń rí lẹ́bàá ibùsùn kún un.

Omi tí wọ́n fẹ́ fà yẹn, ìtọ́jú ni fúnra rẹ̀. Cryptococcus máa ń dí ojú ibi tí omi orí ń gbà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Omi ò rọ́nà lọ, ó ń ti ọpọlọ, ìyẹn ló ń fọ́ orí wọn, òun náà ló fà á tí ojú fi ń rí nǹkan ní méjì. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí omi náà ṣe ń ta sókè tó. Kò yẹ kó kọjá bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Tó bá ti dé 25 sókè, kí wọ́n fà á títí yóò fi wálẹ̀, wọ́n sì lè ní láti tún un ṣe lójoojúmọ́ títí tí kò fi ní ga mọ́. Tí wọ́n bá ní kí àwọn tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má rò pé ti àkọ́kọ́ ló bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tó ń pariwo orí, tí omi ń kán sínú ìgò, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé kí la máa jẹ lálẹ́.

Tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, amphotericin B ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, inú dírípù, pẹ̀lú flucytosine tí wọ́n bá rí i. Mo mọ̀ pé flucytosine ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Tí kò bá sí, fluconazole tó pọ̀ ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kéré jù, ó sì sábà máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí kò ní HIV. Lẹ́yìn náà, fluconazole ẹlẹ́nu fún bí oṣù méjì, wọ́n á wá dín in kù, á sì máa lò ó lọ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan.

Amphotericin ò ṣeé fojú kéré. Aláwọ̀ ìyeyè ni. Omi dextrose ni wọ́n fi ń pò ó. Tí omi iyọ̀ bá kàn án, ńṣe ló máa dì. Tí wọ́n bá ń fà á sí wọn lára, òtútù lè mú wọn kí eyín wọn máa gbá ara wọn, kí ara wọn sì gbóná lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín, ẹ pe nọ́ọ̀sì, oògùn wà tí wọ́n ń fún wọn ṣáájú kó má le. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni kíndìnrín àti potassium, ọ̀kan lára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn yìí ń da potassium jáde kúrò lára bí ẹni dami, tó bá sì lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè ṣíwọ́. Dírípù omi iyọ̀ lọ́tọ̀, ṣáájú rẹ̀, máa ń dáàbò bo kíndìnrín. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bò, AmBisome, rọrùn lára jù, owó rẹ̀ ni ò rọrùn.

Kímò gbọ́dọ̀ dúró ná, dókítà wọn ló máa sọ ìgbà tó máa padà. Tó bá ń padà, ẹ rán an létí pé wọ́n ń lo oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì. Lẹ́tà O inú R-CHOP, vincristine ni. Àwọn kan nínú ìdílé fluconazole, bí itraconazole àti voriconazole, kì í jẹ́ kí vincristine tètè kúrò lára, á wá máa ba iṣan jẹ́: ẹsẹ̀ á kú tipiri, ìgbẹ́ ò ní jáde.

Ìdí mìíràn tó fi yẹ kí wọ́n mọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má pa èkejì. Ní wọ́ọ̀dù wa, Aspergillus là ń bẹ̀rù jù. Inú afẹ́fẹ́ ló wà, eruku ilé tí wọ́n ń wó tàbí tí wọ́n ń kọ́ máa ń gbé e, ó sì máa ń mú àwọn tí sẹ́ẹ̀lì funfun wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn tó ní leukaemia, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àtàwọn tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé wa kì í ṣí, tí a kì í sì í gba òdòdó lọ́wọ́ àlejò. (Àwọn ará ibí máa ń bínú sí ti òdòdó yẹn gan-an.) Tó bá dé ọpọlọ, voriconazole la ń lò. Nínú èèyàn 81 tí wọ́n fi tọ́jú, tí wọ́n tẹ ìròyìn wọn jáde ní 2005, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló yè. Ó lè dà bíi pé ó kéré, àmọ́ kí oògùn yẹn tó dé, fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sẹ́ni tó ń yè. Voriconazole yẹn kan náà kò sì ran èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì dúdú, tó dààmú àwọn ará Íńdíà lásìkò Kòrónà ní 2021. Ẹ ò rí i pé "fọ́ńgọ́ọ̀sì ni" nìkan ò tíì tó.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Màmá, mo gbọ́ yín, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ló fẹ́ sanwó gbogbo èyí? Ṣé wọn ò kúkú lè ra fluconazole ní kẹ́míìsì, kí wọ́n máa lò ó nílé ná?

Màmá Lábù

Dìde, ọmọ mi. Ìbéèrè gidi lo béèrè.

Fluconazole nìkan ò yá lẹ́nu iṣẹ́ yìí níbẹ̀rẹ̀. Ó ń dá fọ́ńgọ́ọ̀sì dúró ni, kì í tètè pa á, ti bọ̀dá yìí sì ti dé ibi tí kò sí àkókò. Hóró kan ṣoṣo tí wọ́n ń tà fún obìnrin tí nǹkan funfun ń yọ lójú ara rẹ̀, 150 mílígíráàmù ni. Ti ọpọlọ lè dé 1,200 lójúmọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ta ni kẹ́míìsì fẹ́ bi léèrè? Kí wọ́n tó fa omi náà, kó má ti fẹnu kan hóró kankan láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Owó ńkọ́? Kì í ṣe owó kékeré. Amphotericin tí wọn ò fọ̀rá bò kò wọ́n tó èkejì, tí wọ́n bá ń ṣọ́ kíndìnrín ẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ẹ lọ bá àwọn tó wà ní medical social inú ilé ìwòsàn yẹn lónìí, àwọn tó ń ran aláìsàn tówó ò tó lọ́wọ́, kì í ṣe ìgbà tí owó bá tán. Ẹ sì rí i pé fámásì ilé ìwòsàn ló ra oògùn náà, kì í ṣe ẹni tó pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ̀rídọ̀. Ní October 2022, àjọ ìlera àgbáyé kọ orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó yẹ kí ayé máa ṣọ́ sílẹ̀, Cryptococcus yìí àti Aspergillus wà lára mẹ́rin tó wà lókè pátápátá. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oládélé ti Yunifásítì Èkó kò sì tíì dákẹ́. Oògùn ṣì ń wọ́n síbẹ̀.

Àbíkẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àdúrótì o. Wọ́n ti fà á. Platelet wọn dáa, dókítà sì ti gbé fíìmù sójú iná wò ó lójú mi kó tó gún wọn. Omi náà ta dé 34. Lábù rí i nínú tàdáwà, CrAg náà gbé e. Àyẹ̀wò HIV ò gbé nǹkan kan, ìyàwó wọn ti ń bá dókítà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ amphotericin, èyí tí wọn ò fọ̀rá bò. Gbígbọ̀n yẹn wáyé lóòótọ́, bẹ́ẹ̀dì ń mì, ọpẹ́lọpẹ́ pé bọ̀dá Dèjì ti sọ ọ́. Orí ti rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fà á, ó tún ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ojú ṣì ń rí méjì. Wọn ò tíì fún wa ní èsì potassium.

Màmá Lábù

Tí orí bá tún ti ń bẹ̀rẹ̀, sọ fún dókítà ní báyìí, má dúró de ràńdù ọ̀la. Ó ṣeé ṣe kó tún ti ga, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n sì fà á. Ti ojú lè pẹ́ díẹ̀ kó tó padà.

Potassium yẹn, ìwọ fúnra rẹ lọ lábù, lọ gbà á wá. Kí wọ́n fi ti creatinine, tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, àti magnesium sí i. Kọ iye wọn síbí tó o bá ti gbà á, Dèjì á bá mi wò ó.